Orúkọ Kẹsàn-án ní Odò-Àyìn

"Orí kẹrin ńkọ́, Ìyá Ṣèyí? Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ tán?"

Àdúràọlá gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ni kò jẹ́ kí òun gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń tẹ̀wé fún àwọn ará Kabba nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí nítòsí ibùdókọ̀. Kò sì sí irú ìwé tí kò tíì tẹ̀: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ẹjọ́, àní ìwé tí ọkọ kan fi lé ìyàwó rẹ̀ jáde, tí ìyàwó náà sì wá tẹ èsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lórí àga kan náà. Ohun tó fi ń jẹun ni pé kì í ka ohun tó ń tẹ̀. Ìka ló ń kà á, ojú kì í kà á. Ṣùgbọ́n lónìí, ojú ti kà á.

"Ó ku díẹ̀, sà," ó wí níkẹyìn.

Bàbá James Olúbọ̀dé mi orí. Pírínsípà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, Pírínsípà náà sì ni gbogbo ayé ń pè é láti Òkè-Ọ̀wá dé Kabba. Òun ni ìlú Òkè-Ọ̀wá ní kó kọ ìwé ìtàn ìlú, èyí tí wọ́n máa gbé jáde lọ́jọ́ Sátidé, níbi àjọ̀dún ìlú. Àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, láti Àbújá, láti Èkó.

"Tún ojú wò ó dáadáa o," ó wí bó ṣe ń dìde. "Atẹ̀wé pọ̀ ní Kabba. Torí pé ọmọ wa ni ọ́ ni mo ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ. Màá padà wá láàárọ̀ Fráídé."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Àdúràọlá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ àárín èrò. Ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ti ní nǹkan nínú, àgbàlagbà kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì tí bàbá yìí ń sọ ọ́ láàárọ̀ nìyẹn.

Ó tún ìwé náà kà.

"Odò-Àyìn kì í ṣe ìlú rí. Abà apẹja ni, tí àwọn ọmọ Òkè-Ọ̀wá dá sí etí odò Ọ̀yì. Nígbà tó yá, wọ́n fi abà sílẹ̀, wọ́n padà wá sílé. Bàbá John, tó dàgbà jù nínú àwọn tó ti ibẹ̀ wá, jẹ́rìí sí èyí."

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ẹni tó ni àtàǹpàkò náà fún un. Àpá kan là á gba àárín kọjá. Àdá ló ṣá a níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń bó ìrèké fún ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Àdúràọlá ni ọmọbìnrin ọ̀hún. Bàbá John ni bàbá tó bí i lọ́mọ.

Bẹ́ẹ̀, Ìyé, ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, kò pe Odò-Àyìn ní abà rí. Ohun tí Ìyé máa ń sọ fún un nígbà tó bá ń di irun rẹ̀ ni pé Odò-Àyìn ní ọjà, ó ní èbúté, ó ní ọkọ̀ tó ń kó èrò sọdá, àwọn Nupe sì ń gbé iyọ̀ wá síbẹ̀. Ìyé á sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á wá fi kún un pé, "Má sọ ọ́ níta o." Ọmọdé kò bi í pé kí ló dé. Nísinsìnyí tí Odò-Àyìn kò ní ju igi àyìn ńlá kan àti ògiri alámọ̀ tí òjò ti jẹ tán, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ti di àdúgbò kan péré ní Òkè-Ọ̀wá, àdúgbò Ìsàlẹ̀, ìwé ìtàn wá fẹ́ fi èdìdì dì í. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì fi dì í.

Ohun kejì tó rí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gègé dúdú ni Pírínsípà fi kọ gbogbo orí kẹrin, ṣùgbọ́n gègé búlúù ló fi kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ó fún un mọ́ àárín ọ̀rọ̀ òkè àti àtàǹpàkò bí ẹni fún èrò kẹfà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀: "Nítorí náà, gbogbo ilẹ̀ abà wa yìí, láti èbúté dé ìdí igi àyìn, jẹ́ ti ìlú Òkè-Ọ̀wá, ìlú sì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ olóko ìrẹsì."

Àdúràọlá rántí òrùlé bàbá rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìjì ṣí òrùlé náà kúrò. Kó tó gbọ́ rárá, kó tó di pé ó ń múra láti lọ wò ó, wọ́n ti kan páànù tuntun. Ó bi bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé ta ló kàn án. Bàbá ní, "Ẹni rere ni." Ó bi í ní orúkọ ẹni rere. Bàbá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀bùn a máa fọ́ ojú ọlọ́gbọ́n. Ti Bàbá John ti fọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Kí wá ni páànù tún ń wá níbẹ̀?

Ní ọjọ́ Tọ́sidé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó ìwé náà sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ọ̀wá. Friday ni orúkọ ọlọ́kadà náà, ọmọ Òkè-Ọ̀wá ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi kí ẹ́ńjìnnì tó sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbọ́ pé àwọn oníìrẹsì ti dé? Mo gbé méjì nínú wọn lọ sí etí odò lánàá. Wọ́n ń ri èèkàn kéékèèké mọ́lẹ̀, wọ́n ń so aṣọ pupa mọ́ ọn. Wọ́n ní tó bá di Mọ́ńdé, katakata á wọbẹ̀."

"Apá ibo ní etí odò?"

"Níbi àwọn ògiri àtijọ́ yẹn. Ìdí igi àyìn."

Friday kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù.

"Ọ̀nà yẹn náà ni mo gbà gbé bàbá Ayọ̀ wálé lọ́dún tó kọjá, ṣé ẹ rántí? Àárín ebè iṣu ni ikú ti ká a mọ́. Èmi wà níwájú, òkú wà láàárín, Ayọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó di bàbá rẹ̀ mú. Nígbà tí a dé ibi kòtò yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi bàbá bóyá wọ́n jókòó dáadáa."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló dé tí ẹ ò kúkú sin wọ́n sọ́hùn-ún?"

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ta ló ń sin òkú sí abà? Ṣé ajá ni bàbá ni? Ilé là ń gbé òkú oko wá, ì báà jẹ́ orí ni a fi rù ú."

Àdúràọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èèkàn ló gbé sọ́kàn, kò fi ti òkú ṣe.

Páànù ilé bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí láti òkèèrè. Ó ń kọ mànà láàárín àwọn òrùlé tó ti dípẹtà. Martha, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ń sá kajú sórí tapólì níwájú ilé. Ọkọ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òun ló ń tọ́jú bàbá.

"Okun o, Àǹtí," ó kí i. "Ṣé kò sí o? Ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀."

"Okun, Martha. Kò sí nǹkan. Martha, ta ló kan páànù yìí?"

Martha bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ́ kajú tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. "Ẹ bi Bàbá, Àǹtí."

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Bàbá ní kí n má sọ. Wọ́n ní bí ẹ bá bi mí, kí n ní kí ẹ bi àwọn."

Ó wá dá a lójú. Ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ fún ọmọ ẹni, kì í ṣe ohun tó mọ́. Inú bí i, ojú sì tì í. Ìtìjú náà ló pọ̀ jù. Ó la ilé kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí sàréè Ìyé rẹ̀ wà, tí bàbá rẹ̀ sì máa ń jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò.

"Àdúrà," bàbá wí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ ń bínú lónìí."

Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó súre fún un bó ṣe máa ń ṣe. Àdúràọlá kò jẹ́ kí ìre náà tutù lára òun kó tó fa ìwé yọ.

"Bàbá, ìwé kan wà lọ́wọ́ mi. Pírínsípà ló kọ ọ́. Wọ́n ti fi orúkọ yín purọ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ríran, wọ́n wá mú yín lọ́wọ́ tẹ ìwé tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Ó kà á fún un, láti "Odò-Àyìn kì í ṣe ìlú rí" dé ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, ó sì dúró níbẹ̀ láti mí.

Bàbá John tẹ́tí gbọ́ ọ, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sókè.

"Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Ó jókòó síbi tí o wà yẹn, ó bi mí, mo sì dá a lóhùn."

Àdúràọlá dìde dúró. Kò mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Nítorí páànù ni, Bàbá? Ẹ ta ìlú yín nítorí páànù?"

Martha yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó tún yára wọlé padà. Bàbá kò bínú. Ó fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó gbé e sórí itan.

"Jókòó. O ti sọ ọ́ jáde, ó dára. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn láti àná ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ máa lulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jókòó, kí n sọ ohun tí Ìyé rẹ kò parí fún ọ."

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí," bàbá bẹ̀rẹ̀. "Àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké kan wà létí odò, wọ́n a máa jẹ wá. A ò mọ̀ pé àwọn ló ń fọ́ wa lójú. Lónìí ẹ ń gba oògùn rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga yín kí wọ́n tó ka ìwọ̀n hóró sí yín lọ́wọ́. Nígbà yẹn, kò sí oògùn. Kò sí ilé tí kò ní afọ́jú. Ọlọ́kọ̀ èbúté gan-an fọ́jú. Ó ń gbọ́ ìró omi ni, ó fi ń tukọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, tí omi kó ènìyàn márùn-ún lọ, àwọn àgbà ní ó tó."

"Ẹ wá gòkè."

"A gòkè. Okùn kan ṣoṣo ni. Bàbá tó bí Olúbọ̀dé ló wá láti òkè níbí, ó di orí okùn mú. Àwọn tí kò ríran di okùn mú tẹ̀lé e, àwa ọmọdé ru ẹrù. Nígbà tí a dé ẹnu ibodè, àwọn ará Òkè-Ọ̀wá jókòó ìpàdé. Àlejò kò lè ní ilẹ̀ tirẹ̀. Àlejò kò lè joyè. Bí àlejò bá kú, ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń sin ín sí. Bàbá yẹn wá dìde, ó ní, 'Àlejò wo? Ọmọ wa ni. Abà ni wọ́n lọ, wọ́n sì ti padà wálé.' Gbogbo ìpàdé mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó já a. Ìgbà míì, Àdúrà, ìlú kan á fi irọ́ bo ìlú kejì láṣọ."

Ó tọ́ka sí sàréè láì ṣìnà.

"Irọ́ yẹn ni mo fi kọ́ ilé yìí. Òun ni mo fi sin Ìyé rẹ síbí, kì í ṣe ẹ̀yìn odi. Òun ni àbúrò rẹ fi gbin kajú. Àdéhùn wa ni pé a ò ní pe Odò-Àyìn ní ìlú mọ́. Nígbà tí Olúbọ̀dé bi mí, kí lo fẹ́ kí n wí?"

Àdúràọlá ti gbé ẹjọ́ bàbá rẹ̀ wá láti Kabba, ó ti dá a lẹ́bi lójú ọ̀nà; ẹjọ́ náà ti wá yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àánú bàbá náà ṣe é, ó dà bíi kó sunkún. Síbẹ̀ gègé búlúù náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó ka èyí tó kù fún yín?"

"Èyí wo ló kù?"

Ó ka gbólóhùn ìkẹyìn fún un.

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Ó sọ ti èèkàn àti aṣọ pupa, ó sọ ti katakata ọjọ́ Mọ́ńdé. Bàbá fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Títí dé ìdí igi àyìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, sà."

"Èyí kò sí níbẹ̀ nígbà tó kà á fún mi. Ìdí igi àyìn ni ilé wa wà. Inú yàrá ni ìyá mi wà. Nígbà náà, inú yàrá là ń sin òkú sí." Ó kọjú sí ọ̀nà odò. "Katakata ni wọ́n fẹ́ wà kọjá lórí ìyá mi?"

"Màá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò," Àdúràọlá wí. "Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni, pé ìlú ni Odò-Àyìn, pé wọ́n tàn yín jẹ."

"O ò ní kọ bẹ́ẹ̀! Bí o bá kọ ọ́ pé ìlú ni, ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan á dìde, á ní àlejò ni yín nígbà náà, ẹ padà sódò yín. Àwọn tó mọ ojú irọ́ yẹn ti kú tán. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò ní bò wá."

Adìẹ kan ń tú ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ sàréè, bàbá sì fi ọ̀pá lé e lọ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti balẹ̀.

"Abà ni wọ́n ní ó jẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dára. Jẹ́ kó jẹ́ abà. Mú ìwé àti gègé. Kọ ọ́ sókè: Àwọn Tó Sùn ní Abà Odò-Àyìn. Bẹ̀rẹ̀ láti èbúté."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Friday padà sí etí Àdúràọlá. Ta ló ń sin òkú sí abà? Ó wo bàbá rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín àgbàlagbà tó ti rí ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sí ọmọ Okun, láti Kabba dé Òkè-Ọ̀wá, tí yóò ka àkọlé yẹn tí kò ní dúró. Bí òkú bá sùn níbẹ̀, tí wọn kò gbé e lọ ibòmíràn, ilé wọn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní láti pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ojúlé ni ó ń tẹ̀ lé, bí ẹni ń rìn gòkè láti omi: èyí tó wà lápá òsì, èyí tó kọjú sí i, èyí tó ní ìkòkò aró lẹ́yìn. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn. Àdúràọlá kọ ọ́ dé ẹkẹjọ.

"Ẹkẹsàn-án, fò ó. Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀."

"Ṣé ẹ ti gbàgbé rẹ̀ ni?"

"Mi ò gbàgbé. Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti jáde."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹni tó kan páànù mọ ìdí tó fi kàn án. Kọ ẹkẹwàá."

Bí ó ti wù kó bẹ̀ ẹ́ tó, bàbá kò sọ orúkọ náà. Ara tún fu Àdúràọlá. Ó rò pé bóyá páànù náà ṣì ní ọwọ́ tó fi di bàbá lẹ́nu mú. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ títí dé ẹkẹtàdínlógójì, ìyẹn ìyá bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, kò sí tàdáwà. Ó fi gègé ya àtàǹpàkò bàbá títí tó fi di búlúù, ó sì mú un tẹ ìsàlẹ̀ ìwé náà. Àpá àdá jáde gedegbe.

Láàárọ̀ Fráídé, Pírínsípà dé kí Àdúràọlá tó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tán. Àdúràọlá ti tẹ gbogbo ìwé náà jáde, ó kó o lé bàbá náà lọ́wọ́, ó sì jókòó. Bàbá Olúbọ̀dé ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà bí olùkọ́ tó ń máàkì, ó ń mi orí. Ó dé orí kẹrin, ó mi orí. Ó ṣí ewé tó tẹ̀ lé e, orí sì dúró.

"Kí nìyí?"

"Orúkọ ni, sà."

"Mo rí i pé orúkọ ni. Ta ló ní kí o fi í síbẹ̀?"

"Bàbá John. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé àwọn ló dàgbà jù nínú àwọn tó ti ibẹ̀ wá."

Ó tún àkọlé náà kà. Àdúràọlá rí i bí ó ṣe yé e. Ó rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sí i lára.

"Yọ ọ́."

"Mi ò lè yọ ọ́, sà. Àtàǹpàkò tó wà lórí ti yín ló wà lórí tiwọn. Bí a bá ní wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ní ọ̀kan, wọn ò mọ̀ ọ́n ní èkejì náà. Kí ẹ yọ méjèèjì, tàbí kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀."

"Ìyá Ṣèyí, ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe? Ilé-iṣẹ́ yẹn máa kọ́ ilé ìwòsàn fún wa. Gbogbo ìgbà tí aláboyún bá ń rọbí lóru, ọ̀kadà la fi ń gbé e wá sí Kabba níbí. Ìgbìmọ̀ ìlú ló ní kí n fi gbólóhùn yẹn kún un."

"Etí odò gùn, sà. Kí wọ́n gbin ìrẹsì wọn síbi tí kò sí ènìyàn. Ẹ kò kà á fún Bàbá."

Bàbá Olúbọ̀dé kò jiyàn. Ó kàn ń wo ilẹ̀. "Mi ò kà á fún wọn. Ó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu mi kò gbà á."

"Ẹ kan páànù fún wọn."

"Mo kan páànù. Kì í ṣe torí èyí." Ó padà sórí ìwé, ó fẹ́ pa á dé, ìka rẹ̀ sì dúró lójú kan. "Ẹkẹsàn-án ńkọ́? Kí ló dé tó ṣófo?"

"Bàbá ní ẹnu àwọn kọ́ ló yẹ kó ti jáde. Wọ́n ní ẹni tó kan páànù mọ ìdí tó fi kàn án."

Bàbá Olúbọ̀dé bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi etí agbádá nù ún, ó nù ún pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àdúràọlá rántí ohun tó wí ní Ọjọ́rú.

"Ẹ ní atẹ̀wé pọ̀ ní Kabba, sà. Kí ló dé tí ẹ fi gbé e wá fún mi?"

Ó gbé awò náà padà sójú. Ó na ọwọ́.

"Fún mi ní gègé."

Àdúràọlá rò pé gbogbo ewé náà ló fẹ́ fi gègé fagi lé. Ó fún un, kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà tẹ̀ bá tábìlì, ó sì kọ orúkọ kan ṣoṣo sí ojú àyè náà, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá tó rọrùn láti kà: Ayọ̀kẹ́mi.

"Ìyá tó bí ìyá mi ni," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá rẹ. Ọjọ́ kẹta tó kú ni okùn gbéra. Ìyá mi ni ó di okùn tẹ̀ lé bàbá mi gan-an. Ó ríran, ṣùgbọ́n ó ń sunkún. Ẹnu ọ̀nà ibodè ni wọ́n ti fún un ní ìkìlọ̀ tí mo ń gbọ́ láti kékeré: má sọ ọ́. Mo ti pé àádọ́rin ọdún, mi ò tíì sọ ọ́ rí. Páànù ni mo fi sọ ọ́, àti ìwé yìí tí mo gbé wá fún ọ."

Ó ṣí ewé kan padà sẹ́yìn, ó dé ibi gbólóhùn tó kẹ́yìn ní orí kẹrin. Ó fi gègé fa ìlà kan kọjá láàárín rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìgbìmọ̀ ńkọ́, sà?"

"Màá sọ fún wọn lọ́la pé kí wọ́n wá ilẹ̀ mìíràn. Màá ní ibẹ̀ yẹn ní onílé." Ó jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. "Tẹ̀ ẹ́. Màá dúró."

Àdúràọlá fa àga mọ́ra, ó tan kọ̀ǹpútà. Ó wá ojú àyè kẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ayọ̀kẹ́mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń kà á.